Bí a ṣe ń yá Ìjọba Àpapọ̀ lówó láti Àkúrẹ́

Gbèsè tí Nàìjíríà jẹ kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ọmọ Nàìjíríà náà ń yá ìjọba lówó, ìjọba sì ń san èlé fún un. Ní 1946 ni ìjọba amúnisìn ti kọ́kọ́ ta irú ìwé gbèsè bẹ́ẹ̀ níbí, £300,000 ní èlé 3.25%. Ṣùgbọ́n Oṣù Kẹta 2017 ni DMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè Ìjọba Àpapọ̀, gbé FGN Savings Bond jáde fún mẹ̀kúnnù; bọ́ǹdì ni ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà. ₦5,000 ló kéré jù, ẹ lè máa fi ₦1,000 lé e títí dé ₦50 mílíọ̀nù. Ti ọdún méjì wà, ti ọdún mẹ́ta náà wà.

Alágbàtà tí DMO fọwọ́ sí ló ń tà á, orúkọ wọn sì wà lórí dmo.gov.ng. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan nítòsí Ọjà Ọba, ẹ lè bá wọn ṣe é lórí fóònù. Ẹ mú BVN, ìwé ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì yín dání. Àwọn ni yóò bá yín ṣí àkáǹtì ní CSCS, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bọ́ǹdì, níbi tí bọ́ǹdì yín yóò wà.

Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí BVN obìnrin bá ru orúkọ bàbá rẹ̀, tí àkáǹtì rẹ̀ ru orúkọ ọkọ, èlé lè má wọlé. Ẹ tún un ṣe ní báńkì kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún péré ni ọjà fi ń ṣí lóṣù, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ alágbàtà ni kí ẹ sanwó sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, ẹ sá fún un.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé ń wọlé. Bọ́ǹdì ọlọ́dún méjì àkọ́kọ́ ní 2017 san 13.01%: ₦100,000 mú ₦13,010 wá lọ́dún, ìyẹn ₦3,252.50 nígbà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Oṣù Kẹta 2017 jẹ́ 17.26%. Owó pọ̀ sí i, ohun tó lè rà dín kù. Nítorí náà, ẹ fi èlé wé ọ̀wọ́ngógó kí ẹ tó rà.

Ẹ tún máa wo Báńkì Àpapọ̀ (CBN). Ní Oṣù Kejì 2024 ó gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti 18.75% sí 22.75%, nígbà tó fi di Oṣù Kọkànlá, ó ti dé 27.50%. Bí èlé bá gbéra báyìí, iye tí wọ́n ń ra bọ́ǹdì àtijọ́ á já wálẹ̀ lọ́jà. Ká ní tiyín ń san 10%, ó ku ọdún kan, tí tuntun sì ń san 15%: ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín kò ní san ju bí ₦95,500 lórí ₦100,000. Ẹni tó bá dúró títí ó fi pé ló ń gba ojú owó rẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n kọ sórí bọ́ǹdì náà, pé.

Ìdí nìyẹn tí owó kòkó tí ẹ máa fi ra oògùn lọ́dún tó ń bọ̀ kò fi yẹ níbẹ̀. Treasury Bills, ìwé gbèsè ìjọba tí kì í pẹ́ kó tó pé, ti ọjọ́ 91 tàbí 182 ló bá ìyẹn mu. Ẹ bi báńkì yín ní iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà.

Àkáǹtì tí èlé ń wọ̀ náà ni ojú owó máa wọ̀ nígbà tó bá pé, ẹ má tì í pa.