Bí A Ṣe Ń Tú Kílọ́ọ̀ṣì Tó Lẹ̀ Mọ́ra Lára Katapílà Àtijọ́

Òjò ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í fojúure wo irin. Katapílà tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní gbangba láti oṣù kẹrin di oṣù kẹwàá, yálà lọ́nà Orè níbi tí àwọn onígẹdú ti ń wọ́ igi, tàbí lẹ́yìn ilé ẹnìkan ní Àkúrẹ́, ẹnjíìnì rẹ̀ lè jí, kó sì máa lọ síwájú, ṣùgbọ́n kó kọ̀ kò yà. Lọ́pọ̀ ìgbà, pílétì kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ kan ló ti dógùn-ún, tó wá lẹ̀ mọ́ra bí ohun tí wẹ́dà jó pọ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá tìtorí èyí gé odidi ẹ̀rọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, nítorí ó ṣe é tú.

Katapílà àtijọ́ kò ní sítíà. Ọ̀pá méjì ló wà níwájú awakọ̀. Bí ẹ bá fa ti òsì, kílọ́ọ̀ṣì òsì á já agbára ẹnjíìnì kúrò lára ṣéènì òsì, ẹ̀rọ á sì yà sápá ibẹ̀. Nínú kílọ́ọ̀ṣì yìí, pílétì irin lásán àti pílétì tó ní láínì (ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kó má bàa máa yọ̀) ló tò léra wọn, sípíríǹgì alágbára ló sì ń fún wọn pọ̀. Irú tó ń ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ ni mò ń sọ. Àwọn míì wà nínú ọ́ìlì, ìwé ẹ̀rọ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé fún ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Bí ọ̀pá náà bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ tàbí tí kò ṣe é fà rárá, irin tó so ó mọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fà dáadáa, tí ẹ̀rọ ṣì ń lọ tààrà, tí ẹ wá tẹ bíréèkì ẹ̀gbẹ́ yẹn tí ẹnjíìnì sì fẹ́ kú, pílétì ló lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpótí kílọ́ọ̀ṣì náà kí omi inú rẹ̀ ro dànù, ẹ dí i padà, kí ẹ da kẹrosíìnì sí i. Pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn, ẹ fi okùn dè é bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ro kẹrosíìnì náà dànù, ẹ jẹ́ kí ẹnjíìnì gbóná, kí ẹ wa ẹ̀rọ ní jíà kìíní lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Bí ọ̀pá ṣe wà ní fífà, ẹ máa tẹ bíréèkì lójijì kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ìgbà míì, ẹ ó gbọ́ "gbà!", ẹ̀rọ á sì yà. Bí kò bá yà, ó di títú.

Ẹ gbé abẹ iwájú wálẹ̀, ẹ pa ẹnjíìnì, ẹ yọ wáyà bátìrì, kí ẹ fi igi há ṣéènì ẹ̀gbẹ́ tó máa wà nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Àga, táńkì epo bí ó bá wà lọ́nà, àti ìdérí òkè ló máa kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ ibẹ̀ mọ́ kí ẹrẹ̀ má bàa já sínú jíà. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ìsopọ̀ ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì bíréèkì, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì rẹ̀ tó yí kílọ́ọ̀ṣì ká jáde.

Sípíríǹgì ló lè ṣe èèyàn léṣe jù níbí. Lára ọ̀pọ̀ irú katapílà yìí, ihò tó ní téètì (ìlà tí bóòtì ń yí wọ̀) wà lára pílétì tó ń fún àwọn yòókù pọ̀. Bóòtì gígùn ni ẹ máa ki bọ̀ ọ́, ẹ ó máa fún un díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, títí wọn yóò fi di sípíríǹgì mú. Ẹni tó bá fo ibí yìí lè pàdánù ìka tàbí ojú.

Bóòtì tó mú kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ara ẹ̀rọ yí i po ni. Kí ọwọ́ lè tó ti ìsàlẹ̀, ẹ fi jíà sí nútíràlì, ẹ fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ sì dè é bẹ́ẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ fi igi gbọọrọ tó nípọn gbé e ró, kí ẹ máa yí ṣéènì díẹ̀díẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ tẹ́ irin pẹlẹbẹ tó ń ti orí bóòtì kí ẹ tó tú u. Sípánà olórùka ni kí ẹ lò, kò ní jẹ orí bóòtì. Níbi tí họ́ọ̀bù (irin àárín kílọ́ọ̀ṣì) bá jókòó lórí ṣáfítì, púlà, irinṣẹ́ tó ń fa nǹkan jáde, ló ń yọ ọ́, kì í ṣe òòlù. Ẹ fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ lórí ṣáfítì ní yíyí díẹ̀, nítorí họ́ọ̀bù máa ń fò jáde lójijì.

Ẹ fi ṣéènì bílọ́ọ̀kù gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ó wúwo, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ má ṣe wà lábẹ́ rẹ̀.

Lórí tábìlì, ẹ dẹ àwọn bóòtì gígùn náà díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí sípíríǹgì yóò fi nà tán. Ẹ rẹ pílétì sínú kẹrosíìnì, kí ẹ sì máa ti irin pẹlẹbẹ bọ àárín wọn káàkiri etí. Láínì àtijọ́ lè ní asbestos (ohun bí òwú tí wọ́n ń rí lára òkúta, tí iná kì í jó), eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fi atẹ́gùn fẹ́ eruku náà rárá. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì bo imú. Pílétì tó bá ti wọ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá gbé e lé gíláàsì. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn. Bí ọ́ìlì bá wà lára pílétì, síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú jíà ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ òun náà kí ẹ tó tò ó padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì tuntun á máa yọ̀.

Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ tún fi àwọn bóòtì gígùn náà fún sípíríǹgì pọ̀. Bí ẹ bá ti dè é padà mọ́ ẹ̀rọ tán, ẹ yọ àwọn bóòtì náà, ẹ wọn bí ọ̀pá ṣe ń fà sí iye tí ìwé ẹ̀rọ kọ, kí ẹ wa ẹ̀rọ lọ síwájú, kí ẹ sì yà sápá méjèèjì. Bí òjò bá ń bọ̀ tí kò sí iṣẹ́ fún un, ẹ fi tapólì bo orí rẹ̀, kí ẹ máa jí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yà á sọ́tùn-ún sósì.