Bí a ṣe ń fi owó wé owó nígbà tí ọkàn ò tíì mọ èyí tí yóò mú

Ẹ jẹ́ ká ní ₦200,000 yín wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí yóò mú èrè ₦15,000 wá títí ọdún yóò fi yí po. Ẹ wá ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ fi ra ẹ̀wà tàbí gààrí ní Bódìjà nígbà ìkórè, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ọ̀wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ kọ èrè àti àdánù sílẹ̀. Bí ọjà bá wọ́n: ẹ̀wà, èrè ₦60,000, gààrí, ₦40,000. Bí kò bá wọ́n: ẹ̀wà, àdánù ₦20,000 (kòkòrò á ti jẹ tiẹ̀), gààrí, àdánù ₦30,000.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni méjì tó mọ ọjà. Ìyá alẹ́wà ní bí ìgbà 10 bá wà, 7 ni ọjà á wọ́n. Awakọ̀ tírélà tó ń kó ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya ní 3 péré ni. Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ di 5 o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣírò ti ìyá: (7 × 60,000 − 3 × 20,000) ÷ 10 = 36,000 fún ẹ̀wà. Ti awakọ̀ jẹ́ 4,000. Gààrí jẹ́ 19,000 lójú ìyá, àdánù 9,000 lójú awakọ̀. Alájẹṣẹ́kù ò kúrò ní 15,000.

Òfin ibẹ̀ ni pé ohun kan ju èkejì lọ kìkì bí ẹnu àwọn méjèèjì bá kò lé e lórí. Ẹ̀wà ju gààrí lọ, ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti alájẹṣẹ́kù ò ṣeé fi wéra, kì í sì í ṣe pé wọ́n dọ́gba: ẹ bu ₦500 lé èrè alájẹṣẹ́kù, ẹ ò tíì ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Láti 1962 ni Robert Aumann, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn pé ìṣirò irú èyí lè dúró láì fipá mú ẹnikẹ́ni láti yan ọ̀kan nínú gbogbo méjì-méjì.

Tó bá jẹ́ ewu lẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ mú iye tó kéré jù lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti gààrí jẹ́ àdánù 9,000, ìyẹn owó tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi tì í lẹ́yìn kó tó ṣeé gbà. Philippe Artzner, onímọ̀ ìṣirò, àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé irú òṣùwọ̀n yìí jáde ní 1999. Ó wúlò, àmọ́ ó máa ń to gbogbo nǹkan tẹ̀léra bí ẹni pé iyèméjì kankan ò sí, nítorí náà ẹ má ya ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ dànù.

Owó náà ńkọ́? Truman Bewley, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, dábàá ní 1986 pé kéèyàn má kúrò lórí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi bí gbogbo èrò bá gbè sẹ́yìn tuntun. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Bí awakọ̀ bá padà dé tó ní ó ti di 5 nínú 10, ẹ̀wà á di 20,000 lójú tiẹ̀ náà. Ẹ lọ gba owó yín jáde.