Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ gọ́tà: bí a ṣe la ọ̀nà omi ládùúgbò wa

Ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa lẹ́yìn Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ya títì, ó ya ojúlé, ó tilẹ̀ ya ibi tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì máa wà. Omi nìkan ni kò ya ọ̀nà fún. Nígbà tí ilé ṣì jẹ́ mẹ́ta nínú igbó, a ò fura. Koríko ń mu omi. Nígbà tí ilé di 22, tí kálukú ti fi ìńtálọ́ọ̀kì bo àgbàlá rẹ̀, àgbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wọ pálọ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ọrùn mi ni wọ́n sì fi iṣẹ́ gọ́tà náà kọ́. Mo kọ́kọ́ ṣírò omi. Òjò mílímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà kan ni. Bí òjò 50 mílímítà bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 200 mítà onígun mẹ́rin, 10,000 lítà ló ń dà sílẹ̀: odindi tánkà omi kan. Ti òrùlé ilé kan nìyẹn o, a ò tíì ka àgbàlá. Nígbà tí mo sọ nípàdé pé bí ẹni pé tánkà 22 ń tú omi sí títì wa lẹ́ẹ̀kan náà ni, àwọn tó ń ṣahun dákẹ́. Bàbá alága wa, tí wọ́n fojú ara wọn rí omíyalé Ògùnpa ní 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980, kò jẹ́ kí n parí ìṣirò tí wọ́n fi ní ká máa dáwó.

Oṣù Kìíní la bẹ̀rẹ̀, tí odò ìsàlẹ̀ títì wa ti fà. Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyí: òkè, níwájú ilé alága, la ti bẹ̀rẹ̀, ojú lásán la sì fi ń wọn ilẹ̀. Lẹ́yìn bíi 30 mítà, mo da omi korobá kan sí i. Omi dúró, ó rò ó, ó sì padà sọ́dọ̀ wa.

Bíríkìlà ní, "Ọ̀gá, òjò á tì í lọ."

Mo ní ká fọ́ ọ. Ó dùn mí dọ́kàn, owó ìyá àwọn kan wà níbẹ̀.

A wá lọ sétí odò. A bu omi kún rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, torí omi inú rẹ̀ kì í ga lápá kan ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, irọ́ ló máa pa. Láti odò, a ń kan èèkàn ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, ìsàlẹ̀ gọ́tà sì ń fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga sí i ní èèkàn kọ̀ọ̀kan. Títì wa jẹ́ 240 mítà, nítorí náà mítà kan àti 20 sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀. Níwájú ilé kẹsàn-án, ilẹ̀ wú. Àyà lébìrà ni kòtò dé níbẹ̀.

Lókè, gọ́tà fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Nísàlẹ̀, 90, torí omi gbogbo wa ló ń gbé. A fi páìpù kéékèèké sára ògiri rẹ̀, kí omi inú ilẹ̀ lè rí ihò jáde, kó má ti búlọ́ọ̀kù wó. Lẹ́nu géètì, àwọn kan fẹ́ ri páìpù tóóró mọ́lẹ̀. A kọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta péré ló ń dí i. Kọnkéré pẹlẹbẹ tó ní irin ìdìmú, tó ṣeé gbé kúrò, la fọwọ́ sí. Ìjà ìyẹn ò tíì tán.

Ìyá kan ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò. "Ṣé orí tẹ̀tẹ̀ mi lẹ ẹ́ wá da omi ilé yín sí, ọmọ mi?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. A yí ẹnu gọ́tà síbi tí odò ń ṣàn lọ, a sì to òkúta ńláńlá síbẹ̀ kí omi rọra balẹ̀.

Òjò Oṣù Kẹrin rọ̀ lóru. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì jáde. Omi ń kọjá lọ, ó ń hó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tẹ̀tẹ̀ ìyá wà lórí ìdúró, yanrìn sì ti kún ibi òkúta dé orúnkún. Bíríkìlà wa ti gbé wílíbárò débẹ̀, ó ń kó o lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.