Aṣọ ò tètè gbẹ nínú dráyà? Ẹ yẹ ọ̀nà afẹ́fẹ́ wò kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ dráyà ni mo bá dé lónìí. Lọ́dún tó kọjá, tiwa nílé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, aṣọ tó ń fi ìṣẹ́jú 45 gbẹ tẹ́lẹ̀, màá tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, màá tún un tàn, wákàtí méjì á lọ, táwẹ̀lì á ṣì tutù. Mo pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó gba $120, kò lò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, òwú lásán ló fà jáde nínú páìpù. Ó dùn mí wọra. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, màmá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, wọ́n wò mí bí mo ṣe ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ṣebí oòrùn ló ń ràn níta yẹn, kí ló dé tó ò sá a? Mo ní Mà, wọn ò gbà ká sá aṣọ síta ládùúgbò yìí. Wọ́n ní, "Oòrùn Ọlọ́run náà?"

Mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́, èmi fúnra mi ni mo tú u.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí iná nìkan kọ́ ló ń mú aṣọ gbẹ. Dráyà máa ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé, á mú un gbóná, á fẹ́ ẹ gba inú aṣọ kọjá, afẹ́fẹ́ yẹn ló máa gbé omi tó wà lára aṣọ gba páìpù ẹ̀yìn jáde síta. Tó bá di pé kò rọ́nà lọ, ńṣe ló dà bí ẹni sá aṣọ sínú balùwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fomi gbígbóná wẹ̀ tán. Á gbóná o, àmọ́ kò ní gbẹ. Torí náà ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan aṣọ inú ẹ̀: tó bá gbóná tó sì tutù fún omi, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló dí. Tí kò bá gbóná rárá, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, a máa débẹ̀.

Ẹ má tíì fa nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ò fún aṣọ dáadáa? Tí omi bá ṣì ń kán tóótóó lára ẹ̀, dráyà ò jẹ̀bi. Ẹ má sì kó aṣọ kún un bí ẹni ń di Ghana-must-go, ó yẹ kí aṣọ ráàyè yí.

Fílítà, ìyẹn àwọ̀n tó ń gba òwú aṣọ, ló wá kàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ká máa yọ òwú ojú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àwọn bébà olóòórùn dídùn tá a máa ń jù sínú dráyà yẹn máa ń fi ọ̀rá kan sílẹ̀ tójú ò rí. Ẹ gbé fílítà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ da omi sí i. Tómi bá dúró lójú ẹ̀ tí kò tètè jò kọjá, ọ̀rá ti dí i nìyẹn, ẹ fi ọṣẹ tá a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ọ̀rá yẹn náà ló máa ń bo irin pẹlẹbẹ méjì tó wà nínú dráyà, tó ń mọ̀ bóyá aṣọ ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí dráyà míì fi ń dá dúró nígbà tí aṣọ ò tíì gbẹ. Ẹ fi spírítì nù ún.

Ó yá, ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá lọ síta ibi tẹ́nu páìpù yọ sí. Ó yẹ kí ìdérí ẹ̀ ṣí, kí afẹ́fẹ́ kọlu ọwọ́ yín gan-an. Tèmi, bí ẹni ń mí sí mi lọ́wọ́ ló rí. Ẹyẹ míì máa ń kọ́lé síbẹ̀ pẹ̀lú.

Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, tó bá jẹ́ ti gáàsì ẹ ti gáàsì pa, kẹ́ ẹ rọra fa ẹ̀rọ síwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa bá páìpù tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́ ògiri. Ike funfun àti èyí tó rí bíi bébà fàdákà, ẹ jù ú nù, irin oní-ínṣì 4 ni kẹ́ ẹ lò, tépù onírin lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe skúrù, torí orí skúrù máa ń kó òwú dúró. Wọ́n ń ta búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí wọ́n ń so mọ́ díríìlì, òun ni mo lò. Ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí i sí, tẹ́ ẹ bá yí i sósì, ọ̀pá ẹ̀ máa tú sínú páìpù, wàhálà dé nìyẹn. Òwú tó jáde lára tiwa kún báàgì kan, ó rí bí ara àgùntàn.

Tí dráyà yín bá jẹ́ oníná, ẹ lè tú páìpù sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi aṣọ dánwò. Tó bá tètè gbẹ, páìpù ló jẹ̀bi. Onígáàsì, ẹ má dán an wò láé, èéfín ẹ̀ ń pààyàn.

Tí kò bá gbóná ńkọ́? Oníná ń lo 240V, bréékà ẹ̀ méjì ló so pọ̀, tí ọ̀kan bá já, ẹ̀rọ á máa yí láìgbóná. Ẹ pa á pátápátá kẹ́ ẹ tún un tàn, tó bá tún já, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ó lè jẹ́ fíúsì kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ ló jó. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n páìpù tó dí ló sábà máa ń jó o, tẹ́ ò bá nu páìpù, tuntun náà máa jó. Onígáàsì tó kọ́kọ́ gbóná tó wá tutù, ẹ pe onímọ̀.

Ẹ̀yin ará London, tiyín tí kò ní páìpù síta, ẹ da omi inú táńkì nù, ẹ fọ kọndẹ́ńsà, ìyẹn ibi tí ooru omi ara aṣọ ti ń di omi padà. Èyí tó jẹ́ heat pump, irú èyí tí ooru ẹ̀ kì í pọ̀, bó ṣe máa ń pẹ́ náà nìyẹn, kò bàjẹ́.

Ìdọ̀tí òwú yìí máa ń gbaná o, ẹ má fi dráyà sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sùn.

Lọ́jọ́ yẹn, ìṣẹ́jú 50 ni táwẹ̀lì wa fi gbẹ kanranjángbọ́n. Màmá mi gbé e sí imú, wọ́n ní ó gbẹ lóòótọ́, àmọ́ kò ní òórùn oòrùn.