Bá a ṣe ń fi òwe béèyàn wí tí ò ní dìjà

Ẹ jọ̀ọ́, òwe ò ṣe é jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn o. Kọ́kọ́ wo ẹni tó o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tó bá jù ẹ́ lọ, tọrọ ààyè, sọ pé "tótó ó ṣe bí òwe o", wọ́n á dá ẹ lóhùn pé wàá rí òmíràn pa, ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa bọ́rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ìsìnyí ò ṣe é mọ́, wọ́n kàn ń fi òwe ránṣẹ́ sí bàbá wọn lórí WhatsApp ni, àrífín gbáà ni lójú tèmi.

Wá mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Ká ní kọ́sítọ́mà kan ra ẹja láwìn lọ́wọ́ ẹ lọ́jà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ níbí, kò sanwó, ó tún wá ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá, má sọ fún un pé ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀, ìyẹn ti le jù, ẹlòmíì á gbà á sí èpè. Èyí tó bá gbèsè mu ni pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí ò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà nígbà yẹn, 1,200 àti 1,400, àmọ́ ó ṣì yé èèyàn dáadáa.

Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o, má pariwo. Sọ ìdajì kó o dákẹ́, ọmọlúàbí á parí ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tóun náà bá fi òwe dá ẹ lóhùn, má bá a du òwe, ọjọ́ tó máa sanwó ni kó o bi í.