Bí ìjọ méjì tó ti pínyà ṣe lè bára wọn sọ̀rọ̀

Ọdún 11 gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fi jọ kọ orin ìyìn nínú ilé kan náà. Ìjọ wa pín sí méjì. Òun bá àwọn tó jáde lọ, èmi dúró. Ìṣojú mi ni akọ̀wé ṣe fi bírò pupa fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ ọmọ ìjọ. Mi ò la ẹnu, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí a wá ń wá ọ̀nà láti tún un ṣe, a ṣìnà díẹ̀ kí a tó rí i.

Ẹ má fi ìpàdé àdúrà ìṣọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa bẹ̀rẹ̀: a gbàdúrà, a dì mọ́ra, a sunkún, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oníkálukú fi padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ọ̀rọ̀ àná tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ jáde kì í ṣeé gbàgbé.

Ẹ lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, ní ìhà méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ bi wọ́n: kí ni ẹ gbà gbọ́ tí àwọn yẹn kò gbà? Kí ni wọ́n ṣe fún yín? Ẹ kọ ìdáhùn sí ojú ewé méjì, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, èkejì fún ìwọ̀sí. Tiwa, ojú ewé ẹ̀kọ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ojú ewé kejì kún dé ẹ̀yìn: ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ta, ta ni wọn kò wá kí nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú.

Àwọn ìjọ ńlá náà mọ èyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1054, Kádínà Humbert tó ti Róòmù wá gbé ìwé ìyọnilẹ́gbẹ́ ka orí pẹpẹ Hagia Sophia ní Constantinople. Pátíríákì Michael Cerularius, olórí ìjọ ibẹ̀, àti àwọn tirẹ̀ ni ìwé náà bá wí, kì í ṣe gbogbo Ìjọ Ìlà-oòrùn, póòpù tó rán Humbert níṣẹ́ sì ti kú láti oṣù Kẹrin. Cerularius náà fi tirẹ̀ dáhùn. Ó di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1965, lẹ́yìn ọdún 911, kí Póòpù Paul Kẹfà àti Pátíríákì Athenagoras tó jọ mú ègún náà kúrò. Síbẹ̀, ìjọ méjèèjì kò tíì jọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí ojú ewé ẹ̀kọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ló ń wo ojú ewé ìwọ̀sí sàn, ẹ̀bẹ̀ tó dárúkọ ohun tí a ṣe. “Bí a bá ṣẹ̀ yín” kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe fa ìlà sórí orúkọ yín, mi ò sì sọ̀rọ̀.” Ó wolẹ̀ títí. Ó ní, “Mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ pé òun rí i.”

Ojú ewé ẹ̀kọ́ gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fèsì, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ìhà kejì gbà gbọ́, títí wọn yóò fi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí à ń wí nìyẹn.” Ìrọ̀lẹ́ méjì ni èyí gbà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹ jọ gbà. Ní Marburg ní Jámánì lọ́dún 1529, Luther àti Zwingli, aṣáájú méjì nínú Àtúnṣe Ìjọ, fẹnu kò lórí kókó 14 nínú 15. Luther ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ “Èyí ni ara mi” sórí tábìlì kí àríyànjiyàn tó wọra, orí ọ̀rọ̀ yẹn náà, bóyá ara Kristi wà nínú búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní tòótọ́, ni wọ́n sì ti tú ká. Mi ò ní kí ẹ fojú kéré ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ní kò tó nǹkan kò tíì gbọ́ wọn yé. Àmọ́ ẹ kọ 14 náà sílẹ̀ kí gbogbo ìjọ rí i.

Ọdún 1967 ni Kátólíìkì àti Lutheran bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àjọsọ ní Augsburg lórí bí Ọlọ́run ṣe ń dá ènìyàn láre. Ohun tí wọ́n jọ gbà ni wọ́n kọ ṣáájú, àlàyé ìhà kọ̀ọ̀kan wá tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbà pé àlàyé wọ̀nyẹn kò ba ohun tí wọ́n jọ gbà jẹ́. Bí àwa náà ṣe kọ tiwa nìyẹn.

Ẹ má fi tábìlì Olúwa dán ara yín wò. Ìjọ tí òfin rẹ̀ kò gbà kí ẹ jọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò kórìíra yín. Ẹ mú ohun tí ẹ lè jọ ṣe láìrú òfin ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì yan ọjọ́ sí i.

Tiwa ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù, a jọ máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ẹ̀gbọ́n mi kò padà sí ìjọ wa. Ìlà pupa náà ṣì wà. Akọ̀wé tuntun kọ ọjọ́ tí a bẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá dé ìdí ibùsùn, ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá orin, èmi a sì gbè é ní ohùn kejì.