Tí Ẹ Bá Ń Gbé Texas Tàbí Oklahoma, Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Múra De Tọ̀nédò Àti Ìjì Líle Rèé

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Dallas, Fort Worth, Houston, Oklahoma City àti gbogbo agbègbè yẹn, ẹ kú àjò o. Wọ́n á ti fi ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu hàn yín, wọ́n á ti mú yín lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti bá yín sọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì mọ́tò, àmọ́ ọ̀rọ̀ tọ̀nédò yìí, ìjì líle tó ń yí bí òkòtó láti inú ìkùukùu dé ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dá a sílẹ̀ àfi lóru ọjọ́ tí fóònù gbogbo ilé bá ń pariwo tí kálukú ń sáré kiri nínú òkùnkùn. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó ń fà á nìyí. Atẹ́gùn tó gbóná tó sì kún fún omi máa ń wá láti òkun Gulf lápá gúúsù, èyí tó gbẹ ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, èyí tó tutù ń sọ̀ kalẹ̀ láti apá Kánádà, tí wọ́n bá wá pàdé lórí Texas, Oklahoma àti Kansas, ìkùukùu tó ga fíofío á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, inú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni tọ̀nédò ti ń jáde. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló pọ̀ jù. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 1,200 ló ń jà lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kéré, kì í sì í pẹ́, àmọ́ wọ́n ń wọn agbára wọn láti EF0 dé EF5, èyí tó bá sún mọ́ òkè yẹn, ilé ló ń hú. Èyí tó jà ní Moore, Oklahoma, lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2013, EF5 ni, èèyàn 24 ló kú, méje nínú wọn jẹ́ ọmọ tó wà nílé ìwé wọn. Ẹ má sì rò pé tí òtútù bá ti dé ọ̀rọ̀ ti tán o, ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2015 ni èyí tó pa èèyàn mẹ́wàá ní apá Garland àti Rowlett jà, ẹ̀gbẹ́ Dallas níbí, alẹ́ ni, púpọ̀ nínú àwọn tó kú ló wà nínú mọ́tò lórí títì márosẹ̀.

Tí fóònù bá dún, ohun tó kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí Tornado Watch àti Tornado Warning jọra lójú ẹni tí ò mọ̀. Tó bá jẹ́ Watch, ojú ọjọ́ ti gbára dì fún un, kò tíì ṣẹlẹ̀, ó sì lè bo agbègbè ńlá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àsìkò yẹn lẹ ń ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe: ẹ fi fóònù sí iná, ẹ ní káwọn ọmọ wá sílé, ẹ wọ bàtà, ẹ gbé báàgì síbi tẹ́ ẹ máa sá sí. Tó bá jẹ́ Warning, wọ́n ti rí i lórí radar, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìjì láti òkèèrè, tàbí kí ẹnì kan ti fojú rí i, àyè tẹ́ ẹ ní lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jáde síta lọ wo ojú ọ̀run, ẹ má ya fídíò fún status, ẹ má pe ẹnikẹ́ni láti bi í bóyá òótọ́ ni. Ẹ wọlé síbi tẹ́ ẹ ti yàn.

Ibi tẹ́ ẹ ti yàn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dìde lónìí kẹ́ ẹ rìn yí ilé yín ká. Yàrá tẹ́ ẹ ń wá ni èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ilé, tó kéré, tí kò ní fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Texas àti Oklahoma ò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, nítorí náà closet abẹ́ àtẹ̀gùn ni, tàbí bálùwẹ̀ àárín ilé, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jìnnà sí ògiri ìta. Bí ògiri tó wà láàárín ẹ̀yin àti ìta bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Mo mọ̀ pé closet abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn gan-an la máa ń kó àpò Ghana-must-go, kúlà, àpò ìrẹsì àti àpótí aṣọ ẹbí sí, tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n kó o, àmọ́ a kó o, torí kò sí bí èèyàn márùn-ún ṣe fẹ́ wọ ibi tí epo pupa gálọ́ọ̀nù mẹ́ta wà. Ní báyìí tímùtímù kan, tọ́ọ̀ṣì, omi díẹ̀ àti helmet àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Helmet yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí kì í ṣe atẹ́gùn fúnra ẹ̀ ló ń pa èèyàn jù, ohun tó ń gbé fò ni, pákó tó níṣòó, gíláàsì, bíríkì, orí ló sì máa ń bà. Ti kẹ̀kẹ́, ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní ti tó. Tí kò bá sí, ẹ fi mátíràsì tàbí kúṣìn borí, ẹ lóṣòó, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn. Àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé kí ilé má baà bẹ́, kò sóòótọ́ níbẹ̀, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi ń ṣí fèrèsé ni gíláàsì fi ń gún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é wò pẹ̀lú gbogbo ilé, ẹ pariwo "ó yá!" lọ́jọ́ Sátidé kan kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí gbogbo yín tó wọlé. Màmá tó wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun láti ilé, tí kì í ka òyìnbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí fóònù ṣe máa ń dún, ẹ fi ibẹ̀ hàn wọ́n, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé tẹ́ ẹ bá wà níbi iṣẹ́, àwọn ló máa gbé ọmọ wọbẹ̀, kí wọ́n má dúró pè yín.

Tó bá jẹ́ àpátímẹ́ǹtì lẹ̀ ń gbé, tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ ti bá aládùúgbò ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àsìkò ìjì tó dé. Ojú lè máa tì yín, àmọ́ àwọn onílẹ̀ ibí mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ, ọ̀pọ̀ wọn á gbà. Ilé alágbèéká, èyí tí wọ́n ń pè ní mobile home, ẹ má dúró nínú ẹ̀ rárá, bó ti wù kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ tó. Tí Watch bá ti jáde ni kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó nílé gidi tàbí ibi ìsádi tí ìlú yín ṣe, ẹ má dúró de Warning.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ńkọ́? Ó máa ń wu èèyàn láti sá. Lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún 2013, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ti Moore, tọ̀nédò jà ní El Reno, fífẹ̀ ẹ̀ tó máìlì 2.6, ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Moore ṣì wà lára àwọn èèyàn, ni wọ́n bá kó sí mọ́tò, títì dí pa, gbogbo wọn há síbẹ̀ pẹ̀lú ìjì tó ń bọ̀. Tó bá bá yín lójú títì, ẹ wá ilé gidi èyíkéyìí tó sún mọ́ yín, ilé epo, ilé oúnjẹ, ẹ wọ ilé ìyàgbẹ́ wọn. Ẹ má dúró sábẹ́ bíríìjì o, atẹ́gùn máa ń le sí i níbẹ̀ ni, èèyàn kú sábẹ́ bíríìjì lọ́jọ́ 3 oṣù karùn-ún 1999 ní Oklahoma. Tí kò bá sí ilé rárá, ẹ dúró nínú mọ́tò pẹ̀lú bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ tẹ orí ba kúrò níbi fèrèsé, tàbí tí kòtò tó jìn bá wà nítòsí, ẹ sùn sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ borí.

Ti òru ló burú jù torí èèyàn ń sùn. Ẹ wọ Settings lórí fóònù, ẹ wá Emergency Alerts, kẹ́ ẹ rí i pé ó wà ní títàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan pa á torí ariwo ẹ̀ ń bí wọn nínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tan án padà. Fèrè ńlá tí ìlú máa ń fọn, àwọn tó wà níta ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má gbọ́kàn lé e pé ó máa jí yín nínú yàrá tí AC ń dún. Rédíò NOAA, ti àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, èyí tó ń lo bátìrì dáa láti rà, ẹ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí county (ìjọba ìbílẹ̀) yín, á máa dákẹ́ títí ìkìlọ̀ á fi jáde, ohùn ẹ̀ á sì jí òkú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ibi ìjọsìn wà lọ́kàn mi gan-an, torí òrùlé fífẹ̀ tí kò ní òpó láàárín lọ̀pọ̀ wa ń lò, àwọn kan rẹ́ǹtì ilé ìkẹ́rùsí. Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1994, tọ̀nédò wó ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Goshen, Alabama, lé àwọn tó ń jọ́sìn lórí, èèyàn 20 ló kú. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti alfa wa, ẹ yan ẹnì kan láàárín àwọn úṣà tí fóònù ẹ̀ máa wà ní títàn tí ò ní í pa á nígbà ìsìn, kí gbogbo ìjọ sì mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n máa sá sí. Ẹ lè máa gbàdúrà níbẹ̀, Ọlọ́run á gbọ́ ọ láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbi iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tó ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní wíáhàúsì, ẹ bi ọ̀gá yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé níbo ni shelter wà. Nílé ìkẹ́rùsí kan ní Edwardsville, Illinois, lọ́jọ́ 10 oṣù kejìlá 2021, tọ̀nédò pa èèyàn mẹ́fà, àwọn tó wà ní apá tí wọ́n pèsè fún ìsádi yè. Tó bá sì bá àwọn ọmọ nílé ìwé, ẹ má wakọ̀ lọ gbé wọn nígbà tí Warning ṣì wà, wọ́n ti kọ́ wọn ohun tí wọ́n máa ṣe.

Báàgì náà ò nílò ariwo: omi gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ tí kò nílò iná, oògùn tẹ́ ẹ ń lò, power bank, fèrè kékeré tẹ́ ẹ lè fọn tí wọ́n bá ń wá yín lábẹ́ àlàpà, owó ṣíṣẹ́. Àmọ́ ìwé wa, àwa tá a ti òkè òkun wá, ẹ dákun ẹ má fi ṣeré. Pásípọ́ọ̀tù, green card, ìwé ọmọ onílùú, káàdì Social Security (sọ̀ọ̀ṣà), ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, sátífíkéètì yunifásítì láti ilé, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀, ẹ ya fọ́tò wọn pa mọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè rí i. Green card tó bá sọnù, fọ́ọ̀mù I-90 ni wọ́n fi ń gba òmíràn, ìwé ọmọ onílùú ni N-565, owó ni, oṣù ló sì ń gbà, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀dà tó ní nọ́ńbà lọ́wọ́, ara á tù yín díẹ̀.

Kì í ṣe tọ̀nédò nìkan náà. Atẹ́gùn tó jà ní Houston lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún 2024 fọ́ gíláàsì àwọn ilé gogoro àárín ìlú, ilé àti ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ni iná lọ. Yìnyín tó tóbi náà ń ba òrùlé àti mọ́tò jẹ́. Ẹ ka ìwé insurance ilé yín, torí deductible, owó tẹ́ ẹ máa fi àpò ara yín san kí insurance tó san tiwọn, ti yìnyín àti atẹ́gùn máa ń jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: ilé tí wọ́n fi $300,000 dáàbò bò, tó bá jẹ́ 2%, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san $6,000. Ẹ̀yin ayálégbé, insurance onílé ò kan ẹrù yín, ẹ ra ti renters, kò wọ́n.

Tó bá ti kọjá, ẹ wọ bàtà tó le kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀, ìṣó ló máa kún ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ jáde, ẹ má tan ohunkóhun. Wáyà tó já sílẹ̀, ẹ yà fún un. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú gáréèjì, kódà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìta ni, ó kéré tán 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, torí èéfín ẹ̀ ò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún yín, ó sì ń pa odidi ìdílé sójú oorun. Firísà tí ata lílọ̀, ẹran ewúrẹ́ àti ẹja kún dẹ́nu, tẹ́ ẹ ò bá ṣí i, ó lè dì fún wákàtí 48, tó bá kún dé ìdajì, 24, fíríìjì lásán ò ju mẹ́rin lọ.

Kí wọ́n tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń tún òrùlé ṣe á máa kanlẹ̀kùn láàárín ọjọ́ méjì, èyí tó bá ní òun máa bá yín gbé deductible, ẹ lé e, òfin Texas ti kà á léèwọ̀ láti 2019. Tí ààrẹ bá kéde pé àjálù ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yín, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ lẹ́yìn àjálù, 1-800-621-3362. Kẹ́ ẹ sì ti yan ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí gbogbo ìdílé máa fi text ránṣẹ́ sí pé àwọn wà láàyè, torí text ń kọjá nígbà tí ìpè ò lọ, òun náà ló máa pe àwọn ará ilé ní Nàìjíríà.